Ta Ní Ń Gbá Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀?

Nígbà tí mo kó dé Ìkirè, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣàkíyèsí ní ẹ̀yìnkùlé ilé náà ni ilẹ̀ kékeré kan tí ó mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Koríko ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ewé gbígbẹ ti bo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, adìẹ aládùúgbò sì ti sọ ibi tí wọ́n ń to igi sí di ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà ní igun ẹ̀yìnkùlé tí ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹní kékeré lọ, ilà ìgbálẹ̀ sì hàn kedere lára ilẹ̀ pupa náà. Mo rò pé aládùúgbò ló gbá a. N kò bi í. Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá èèyàn sọ lásìkò yẹn kò pọ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ilé náà. Ìyá àgbà ni mo ń pè é, nítorí òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá tó bí mi kú. Dòdò Ìkirè ló ń dín. Àwọn tó ń gba títì Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n débi pé èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí a fi ata àti iyọ̀ sí, tí a dín nínú epo pupa títí tí òun náà fi dúdú, tí a sì mọ ní ṣóńṣó fún ẹni tó bá nawọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìgbà òjò ló kú, àìsàn tó pa á kò sì pẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pè mí lórí fóònù. Àpòmù ló ń gbé, Bàbá Àpòmù ni gbogbo wa sì ń pè é, òun ló wá di olórí ẹbí.

Ó ní, "Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ní í rọ́pò ẹ̀. Máa bọ̀ nílé."

Ó fi òwe bò ó fún mi, àgbà ni. Ohun tó ń sọ ni pé ilé kan wà tí kò ní èèyàn, èèyàn kan sì wà tí kò ní ilé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì di ẹrù mi. Ẹrù náà kò pọ̀.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀, kí ẹ má baà máa rò pé ọkọ ló lé mi. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni ọmọ mi kú ní Ìbàdàn. Ọmọbìnrin ni. Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, kò tíì lè jókòó. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, a gbé e lọ sí ọsibítù, ilẹ̀ sì mọ́ bá a tó ti dákẹ́. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní òkè Ọya. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dé láti Ìkirè. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí ayé. Wọ́n ní ìyá tó bá mọ ibẹ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sin ọmọ náà a pa ẹnu mọ́, òbí a sì ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tó yẹ kí òun bèèrè. Èmi náà kò bèèrè. Mo gbà lọ́kàn mi pé ibì kan ní Ìbàdàn ni, nítorí náà n kì í wo ilẹ̀ tí mo bá ń rìn ní Ìbàdàn.

Àwọn èèyàn wá kí mi. Gbogbo wọn ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Inú mi ń sọ pé agbè náà ti sán, pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Èmi àti ọkọ mi kò jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. A kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá nínú ilé bí àwọn ayálégbé méjì. Nígbà tí ìpè Bàbá Àpòmù dé, ọkọ mi ní kí n lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi. Mo lọ sinmi, kò sì tètè wá mú mi padà, èmi náà kò sì retí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo dé Ìkirè, n kò banú jẹ́. Ìbànújẹ́ ì bá dára. Mo ń jí, mo ń wẹ̀, mo ń jẹun. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀fẹ̀, èmi ló máa ń rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nítorí mo ń dúró kí àwọn yòókù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n lè mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Inú mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé ṣe ń kú, àfi pé ẹsẹ̀ a máa ta jìnnìjìnnì nígbà tó bá yá. Tèmi kò ta.

Mo tún ilé ìdáná ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà láti kékeré, kò nílò kí n ronú, ìyẹn ló sì mú kí n fẹ́ ẹ. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé ẹnu mi kò mọ iyọ̀ mọ ata mọ́. Aládùúgbò mi ló ń bá mi tọ́ ọ wò. Opó ni, òun náà ń dín dòdò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó tán, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù nínú ilé rẹ̀, ó sì ń gbé e wá fún mi láràárọ̀. Bó bá tọ́ dòdò mi wò, a dijú, a ní, "Iyọ̀ pọ̀," tàbí kó ní, "Ata ẹ lónìí, ó fẹ́ pààyàn ni?" Èmi a fi kún un, tàbí kí n dín in kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ tó ń bá mi gbá.

Ó ní, "Ilẹ̀ wo?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mà."

"Èmi? Mi ò tíì dé ẹ̀yìnkùlé yín látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá yín jáde. Mo ṣe bí ìwọ lò ń gbá a."

A jọ lọ wò ó. Wọ́n ti gbá a láàárọ̀ yẹn pàápàá, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti já lálẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé wọ́n kó o jọ. Aládùúgbò mi tẹ̀ ba, ó wo ilà ìgbálẹ̀ náà pẹ́, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ọwọ́ òsì ló gbá èyí," ló wí.

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbálẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ilà ìgbálẹ̀ máa ń dà sí. Èyí dà sí ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni ìyá àgbà. Wọ́n nà án títí nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbà láti fi ọ̀tún jẹun, láti fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣùgbọ́n kò fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n bá bá a wí, a ní ìgbálẹ̀ kì í kí èèyàn, kò sẹ́ni tó máa bú.

"Ìyá ẹ ti padà wá," ni aládùúgbò mi wí. Ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sílé rẹ̀.

Bí mo bá ní ẹ̀rù bà mí, irọ́ ni mo pa. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí ló dé tí kò gbá iwájú ilé, níbi tí iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n torí kí n lè ní ohun tí mo máa sọ fún aládùúgbò, mo ti ìgbálẹ̀ ìyá àgbà, èyí tó fi àkísà pupa di ìdí rẹ̀, mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, mo sì da eérú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Aládùúgbò ní kí n jókòó ṣọ́ ọ. Mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eérú kò sí níbẹ̀, ilà ìgbálẹ̀ dà sí ọ̀tún, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan. Mo ṣí àpótí. Ìgbálẹ̀ wà níbi tí mo fi sí, ó sì tutù, ẹrẹ̀ pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fi omi ṣan án, mo sá a sórí ògiri, mo lọ dáná.

Láti ọjọ́ náà lọ, aládùúgbò mi kò dé ẹ̀yìnkùlé mi mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń wá sí iwájú ilé di ìlọ́po. Ó fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìrí i.

Báyìí ni nǹkan wà nígbà tí Bàbá Àpòmù wá sọ fún mi pé òun fẹ́ gbẹ́ kànga. Omi jìnnà sí wa, iṣẹ́ dòdò sì ń fẹ́ omi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bó ṣe tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ewéko yòókù ń pọ́n, ó ní omi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Aládùúgbò mi kò lè pa á mọ́ra, láti ẹnu ọ̀nà ló ti rojọ́ fún un pé ìyá àgbà ń gbá ibẹ̀.

Bàbá Àpòmù ní, "Ẹni tó kú ti kú, kì í padà wá gbálẹ̀. Ẹ̀sìn wa ò gba irú ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó dúró, ó wo ilẹ̀ náà, mo sì rí i pé ó rí ọwọ́ òsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

Ó ní, "Bó bá tiẹ̀ wá jẹ́ òun ni, á jẹ́ pé ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Àbí ta ló ń gbálẹ̀ síbi tí kò fẹ́ kí àlejò dé?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú gbogbo wa. Nílẹ̀ wa, bí iṣẹ́ bá ń bọ̀ níbì kan, gbígbá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbá ibẹ̀. Aládùúgbò mi ní ká ṣáà rí i, àṣé kànga ló ń wá fún wa, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá Àpòmù kan èèkàn kan mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà láti fi sàmì sí ibi tí wọ́n máa gbẹ́, ó ní lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn agbẹ́kànga ń bọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọn yóò gé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá èèkàn náà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Ó sùn gbọọrọ níbẹ̀. Mo pe Bàbá Àpòmù, ó ní ewúrẹ́ ni. Mo lọ kàn án padà. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló tún wà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, kì í ṣe ojú títì. Ewúrẹ́ wo ló ń tu èèkàn, tó sì mọ ẹni tó yẹ kó gbé e fún?

Mo jókòó sórí àpótí ìdáná, mo mú èèkàn náà lọ́wọ́, inú sì bí mi. Mo rántí rẹ̀ dáadáa nítorí ó ti pẹ́ tí inú ti bí mi gbẹ̀yìn. Ẹni tó tọ́ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ń bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀. Bí kò bá fẹ́ kànga níbẹ̀, kí ló ń gbá sí? Bí wọ́n bá sì gbẹ́ ibẹ̀ tán kí n tó mọ̀, kò ní ṣeé tún ṣe. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.

Mo dúró de aládùúgbò mi, mo sì bi í léèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Mo yàn án láti bi nítorí kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa tí kì í rí.

Ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn? Ìyá ẹ ò fi ọmọ ẹ̀ kan dín dòdò rí. Mo máa ń sọ fún un pé ìwọ onídòdò, o ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, o wá ń lọ rà ní Àpòmù. Tó bá ti so, sàráà ni yóò fi ṣe, àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò ni yóò pín in fún, kò ní jẹ ẹyọ kan níbẹ̀."

"Ìgbà wo ló gbìn ín?"

"Kò tíì pẹ́. Bí ọdún méjì báyìí. Ojú títì ni mo wà lọ́jọ́ náà, Ìbàdàn ni wọ́n ní ó lọ. Nígbà tí mo dé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Àpòmù ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mọ́rí. Kò dáná lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo rò pé wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀ fún ọjà ni. Mo ní àṣé ohun tó ń jẹ́ kí dòdò ẹ̀ tà ju tèmi lọ nìyẹn."

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ì bá ti mọ̀ níbẹ̀. Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnì kan wà láàyè ní Àpòmù tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo pa iná, mo gun ọ̀kadà.

Mo bá ọ̀rẹ́ ìyá àgbà nínú ọjà Àpòmù, ó jókòó sáàárín ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí, ìlú tó wà nítòsí wọn, kó wá, ó ń ya èyí tó ti pọ́n sọ́tọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbàdúrà fún mi, ó bi mí bóyá ọjà ń yá, ó ní mo ti gbẹ.

Mo ní, "Bàbá Àpòmù fẹ́ gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé, mà. Sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ̀yin àti ìyá àgbà jọ gbìn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé a jọ gbìn ín?"

"Aládùúgbò wa ni, mà."

"Ojú obìnrin yẹn ò lè sinmi." Ó tún mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó sì gbé e sílẹ̀ síbi tó ti mú un. "Sọ fún bàbá ẹ kó má gbẹ́ ibẹ̀."

"Wọ́n máa bi mí pé kí ló dé. Kí ló wà níbẹ̀, mà?"

"Kò ṣeé sọ."

Inú tó ti ń bí mi láti àárọ̀ wá sí ẹnu mi. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó fi àṣírí pa èèyàn. Ẹ máa wí, bó bá jẹ́ Bàbá Àpòmù ló wá bi yín, ẹ ò ní sọ fún wọn?"

"Mà á sọ fún un."

"Aládùúgbò wa ńkọ́?"

"Ká ní ó lè panu mọ́ ni, mà á sọ fún òun náà."

"Èmi wá ńkọ́?"

Ó wò mí. Omi ti kún ojú rẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún, ọmọ mi."

Ariwo ọjà kò dúró. Ẹnì kan ń ná ata lẹ́yìn mi, ó ní wọ́n ti gbówó lé e jù. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń ro ohun tó sọ bí ọmọ iléèwé tó ń ṣe ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí ará ayé gbogbo lè mọ̀, àmọ́ tí èmi nìkan kò gbọdọ̀ mọ̀. Ọdún méjì. Ìbàdàn ló lọ. Kò dáná lọ́jọ́ yẹn.

Ó rí i pé mo ti mọ̀. Ó fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi kò sunkún. Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe gbé e dé Ìkirè?" Ohùn mi jáde bí ẹni pé owó ọkọ̀ ni mò ń bèèrè.

Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Ó pọ̀n ọ́n," ló wí. "Ó ní bí òun bá gbé e lọ́wọ́, awakọ̀ á mọ̀, kò ní gbà wọ́n. Ó pọ̀n ọ́n dáadáa, ó gba ọ̀já, ó fi ìborùn bò ó lórí. Ó ní òun ò ní jẹ́ kó sùn sí ilẹ̀ tí kò ti mọ ẹnì kankan. Obìnrin kan jókòó tì í nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lórí afárá odò Ọ̀ṣun, obìnrin náà ní ọmọ yìí mà dára o, kì í sunkún. Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Etí àga ló jókòó sí. Kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan títí wọ́n fi dé Ìkirè."

Mo dìde. N kò rántí bí mo ṣe dágbére fún un.

Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi délé, àwọn agbẹ́kànga ti dé. Jímọ̀ kò tíì kọjá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn níbòmíràn, wọ́n ní kí àwọn kúkú wá yọjú. Bàbá Àpòmù wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti gbé ọkọ́ àti dígà ti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kúrò. Bóyá ojú mi ló rí.

Bàbá Àpòmù ní, "Kí ló dé?"

"Kí wọ́n má gbẹ́ ibẹ̀, sà."

"Mo ní kí ló dé? A ti jọ sọ ọ́."

Mo ti ń rò ó bọ̀ lórí ọ̀kadà, ohun tí mo máa sọ, bí mo ṣe máa fi ọgbọ́n sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní, "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Bàbá Àpòmù wo ilẹ̀ náà. Ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Inná lílláhì," lóhùn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀, irú ẹ̀rù tí òkú tó ń gbálẹ̀ kò fi sí i lójú.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà."

Òótọ́ sì ni mo sọ. Ó mi orí. Ó gbé dígà náà fúnra rẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí iwájú ilé. Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ kànga náà sí nígbẹ̀yìn, ó jìn ju bí wọ́n ti rò lọ, ṣùgbọ́n omi wà níbẹ̀. Aládùúgbò mi ti dúró sẹ́bàá ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ wá fún mi nígbà tó ṣe, ó gbé e sílẹ̀, ó padà sílé rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ ẹ̀bà náà, mo sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn kò gbá a. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ti já sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ àwọn agbẹ́kànga wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, adìẹ sì ti tan ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dúró de ọjọ́ kejì rẹ̀. Wọn kò gbá a. Ìyá àgbà ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Mo mú ìgbálẹ̀ alákìísà pupa náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni ẹ̀yìn mi rántí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, tí màá gbé e lé ẹ̀yìn, tí màá dúró díẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ gbá mi mọ́ra kí n tó gba ọ̀já. Mo dúró díẹ̀. Kò sí nǹkan tó fara mọ́ mi, ẹkún sì dé. Kò dé bí mo ti rò pé yóò dé, kò ní ọ̀wọ̀ kankan, imú mi ń dà, mo ń ké bí ẹni tí wọ́n nà. Aládùúgbò mi gbọ́, kò wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní.

Mo gbá a tán. Mo kó ewé náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo lọ dáná, mo dín dòdò, mo tọ́ ọ wò bí mo ti ń ṣe láti kékeré, iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù.

Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ, pé ìyá tó bá mọ ibẹ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ní kí n jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn. Mo fún wọn ní omi kànga mu. Mo sọ fún wọn pé mo ní ilẹ̀ tí mò ń gbá láràárọ̀.